Ta Ló Ya Aṣọ Orí Ọkọ̀?

Òjò àkọ́rọ̀ ló máa ń tú àṣírí. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, òjò kì í sábà bá ọkọ̀ kankan wíjọ́ ní Àbújá. Oòrùn ń ràn, ọyẹ́ ń fẹ́, eruku pupa ń bà lé nǹkan gbogbo, aṣọ tó jẹ́ òrùlé ọkọ̀ tó ń ṣíborí sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tó ń ṣe é. Ó di oṣù kẹrin, ojú ọ̀run ṣú lójijì, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ẹni tó ń wakọ̀ á kàn rí i pé èjìká òun ti tutù. Á gbójú sókè. Ihò tí kò ju èékánná ọmọńdinrín lọ ló ń wò ó lójú yẹn.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọkọ̀ dé Apo.

Ẹni tó bá ní Apo lòun ń lọ ní Àbújá lè máa lọ sí àdúgbò tí wọ́n kọ́lé àwọn aṣòfin sí, ó sì lè máa lọ sí Apo Resettlement. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń dún kótókótó, kò sẹ́ni tó tún ń béèrè: abúlé àwọn mẹkáníìkì ló forí lé. Abúlé ni wọ́n ń pè é, àmọ́ abúlé tí ariwo òòlù kì í dá níbẹ̀ lọ́sàn-án ni. Rewáyà, fọkanáísà, àwọn tó ń na irin tó wó, àwọn tó ń kun ọ̀dà, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkúnbọ̀, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, Haúsá, Ìgbò, Yorùbá àti Pijin sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ: ọkọ̀ olówó gọbọi tí orí rẹ̀ ń ṣí á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Golf takisí aláwọ̀ ewé tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nílẹ̀, ọmọ iṣẹ́ kan náà sì lè fi ọwọ́ tó kún fún gíríìsì kan àwọn méjèèjì. Ọwọ́ yẹn gan-an ni ó yẹ kí olówó ọkọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀, kó lọ fọ̀ ná. Ó rọrùn láti nu gíríìsì kúrò lára ọ̀dà. Lára aṣọ, ó di àbàwọ́n.

Ìlú tí wọ́n fi rúlà fà ni Àbújá. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akínọlá Àgúdà darí ní 1975 ló dábàá rẹ̀, òfin gbé e dìde ní 1976, ìjọba sì kó kúrò ní Èkó wá síbẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991. Ọ̀nà fẹ̀, àwọn ilé jìnnà síra wọn, afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ sì ń fẹ́ lẹ́yìn tí òjò bá dá. Bí a bá ní ká wá ìlú tó yẹ ọkọ̀ tó ń ṣíborí ní Nàìjíríà, Àbújá ò ní gbẹ́yìn. Ọkọ̀ tí àwọn ènìyàn ń pè ní “open roof” yìí ni ọkọ ìyàwó ń yá lọ́jọ́ Sátidé, òun ni ọlọ́jọ́ ìbí ń jókòó sí etí rẹ̀ ya fọ́tò, òun náà sì ni àwọn ọ̀dọ́ olówó ń gbé jáde ní alẹ́ Sọ́ńdè láti fi orin dí àwọn aládùúgbò létí.

Ṣùgbọ́n ìlú kan náà wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 9 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní nǹkan bí àárín oṣù kẹrin àti ìparí oṣù kẹjọ, oòrùn ọ̀sán máa ń dúró ṣánṣán lókè orí. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ lè rí òjìji sá sí. Òrùlé kò rí.

Aṣọ lórí ọkọ̀ kì í ṣe ohun tuntun, kò sì fìgbà gbogbo jẹ́ fàájì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, aṣọ ni wọ́n fi ń bo orí ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Òrùlé tó le ni ti olówó. Nígbà tí irin wá di ti gbogbo ayé ni aṣọ yí padà di ẹ̀ṣọ́. Ní 1934, Peugeot gbé ọkọ̀ kan jáde tí òrùlé irin rẹ̀ ń wọ inú búùtù lọ. Oníṣègùn eyín kan tó ń jẹ́ Georges Paulin ló ṣàgbékalẹ̀ rẹ̀. Ní 1939, Plymouth ní Amẹ́ríkà jẹ́ kí òrùlé aṣọ máa fúnra rẹ̀ gbéra. Ní 1976, wọ́n ta Cadillac Eldorado bíi pé òun ni ọkọ̀ aṣíborí ìkẹyìn tí Amẹ́ríkà máa ṣe; ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn náà, Chrysler tún ti dá a padà. Mazda wá gbé MX-5 jáde ní 1989, ọkọ̀ kékeré oníjókòó méjì, nígbà tó sì fi di 2016, wọ́n ti ṣe èyí tó pé mílíọ̀nù kan. Irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ló ń ti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù gba orí òkun wọlé ní tòkúnbọ̀, pẹ̀lú aṣọ tó ti rí yìnyín ọdún mẹ́wàá kó tó wá pàdé oòrùn tiwa.

Oríṣi méjì ni aṣọ náà. Ọ̀kan dà bíi lẹ́dà oníke, ó ń dán, ó sì ń yọ̀ bí a bá fọwọ́ pa á. Èkejì ni aṣọ gidi, tó ṣeé fi wé kánfáàsì tó nípọn. Haartz, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907, wà lára àwọn tó ń hun irú rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ọkọ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń rán agbádá oníìtẹ́ á tètè lóye rẹ̀: aṣọ òde wà lókè, aṣọ mìíràn wà nísàlẹ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Aṣọ òde ń gba oòrùn, rọ́bà àárín ló ń dá omi dúró. Nítorí náà, gbogbo ibi tó họ kọ́ ló ń jò. Ẹ̀ka igi lè ha aṣọ òde títí tí òwú fi yọ síta, kí rọ́bà má sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ìka ni a ó kọ́kọ́ fi wò ó láti inú, kì í ṣe abẹ́rẹ́.

Bó bá ti wá já délẹ̀, ìbéèrè tó kù ni ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ kì í béèrè: ta ló ya á?

Wọ́n á ní ọmọ àdúgbò ni. Wọ́n á ní ológbò ni, tàbí ẹ̀ka máńgòrò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo òrùlé náà nígbà tó bá ń ká. Egungun irin ló wà lábẹ́ rẹ̀, oríkèé sì pọ̀ lára irin náà. Bó ti ń ká, apá irin méjì á lanu síra wọn, wọ́n á tún padé bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Aṣọ gbọ́dọ̀ ti kúrò láàárín wọn kí wọ́n tó padé. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, lásítíìkì ló ń fà á kúrò. Nínú àwọn mìíràn, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó gba inú ìpàpó aṣọ kọjá lókè fèrèsé, tí sípírínì sì so mọ́ ìdí rẹ̀. Ohun tí kò tó nǹkan ni, kò sì sí ẹni tó ń bojú wò ó. Oòrùn ń gbẹ omi ara lásítíìkì títí yóò fi dẹ̀ bíi ti ṣòkòtò àtijọ́. Wáyà ń dógùn-ún, ó ń já. Láti ọjọ́ náà lọ, aṣọ kò mọ ibi tí yóò yà sí mọ́. Ó dúró sẹ́nu irin, irin sì ń bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀ nígbà gbogbo tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì.

Ìdí nìyẹn tí irú yíya bẹ́ẹ̀ fi máa ń jẹ yọ lápá ọ̀tún, tí yóò sì tún jẹ yọ ní ibi kan náà gẹ́lẹ́ lápá òsì. Ọmọ àdúgbò kì í fi rúlà wọn ibi tó ti fẹ́ fi réésà gé nǹkan. Ẹni tó bá lẹ ihò náà láì pààrọ̀ lásítíìkì, aṣọ tuntun ló fún irin láti jẹ.

Télọ̀ ló ní ohun tí a fi ń mú ọ̀daràn náà: ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń fàlà sára aṣọ. A ó fi pa orí oríkèé irin tí a bá fura sí, a ó rọra ṣí òrùlé dé ààbọ̀, a ó tún pa á dé. Ibi tí funfun bá ti yọ lára aṣọ nínú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé. Nígbà míì irin ti wọ́, nígbà míì rọ́bà tó yẹ kó bo orí bọ́lùtù ti já bọ́, bọ́lùtù sì wà níhòòhò. Kò sí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Irin náà kì í déédé wọ́. Ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, pọ́ńpù kékeré kan ló ń fi òróró ti òrùlé sókè. Bí òróró bá jò tàbí bí bátìrì bá rẹ̀, òrùlé á dúró ságbede méjì bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, tí ìyàwó sì ti wọṣọ tán. Ọkùnrin mẹ́rin á yọjú, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìmọ̀ràn tirẹ̀. Wọ́n á dì í mú, wọ́n á tì í. Ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ní ojú kan tí a ti ń tú òróró náà sílẹ̀ kí a tó fọwọ́ gbé òrùlé, ìwé ọkọ̀ sì máa ń ṣàlàyé rẹ̀, àmọ́ nínú tòkúnbọ̀, ìwé ọkọ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tó máa ń sọnù. Ẹni tó bá tì í ní tipátipá láì tú òróró sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò kọ́kọ́ lọ. Irin ẹ̀gbẹ́ kejì á lọ́. Ihò ọdún tó ń bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àwọn tó ń rán àga ọkọ̀ ni aṣọ yìí ń bọ́ sí lọ́wọ́. Àwọn kan náà tó ń rán síìtì bọ́ọ̀sì, tó ń tún fóòmù àga ṣe, tó sì ń bo ṣítíárì. Ọwọ́ wọn dá ṣáṣá. Ohun tó ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́ jù ni ohun tí olówó ọkọ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kó tó dé. Gọ́ọ̀mù kékeré inú ike tí ń gbẹ lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń sá bá. Ó lẹ̀ lóòótọ́, ó sì le bí èékánná, ṣùgbọ́n ohun tó le kì í ká. Lọ́jọ́ tí òrùlé bá tún ṣí, gọ́ọ̀mù náà á fọ́, á sì fi etí tó mú bí àfọ́kù ìgò gé ibi tí kò ya tẹ́lẹ̀. Ti àwọn tó ń fi téèpù lẹ̀ ẹ́ kò sàn jù: oòrùn á yọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ di òróró dúdú, gọ́ọ̀mù gidi kò sì ní mú ibẹ̀ mọ́ àfi tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán.

Fọkanáísà mọ àṣírí lílẹ̀ dáadáa ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ẹ wò ó nídìí túùbù tó jò: á fọ ojú ibẹ̀, á fi sólúṣọ̀n pa túùbù, á fi pa àlẹ̀mọ́, á wá dúró. Dídúró yẹn niṣẹ́. Ìgbà tí sólúṣọ̀n kò bá lẹ̀ mọ́ ìka mọ́ ni yóò tó fi wọ́n kanra, tí yóò sì tẹ̀ wọ́n mọ́ra gidigidi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti aṣọ orí ọkọ̀. Abẹ́ ni àlẹ̀mọ́ rẹ̀ ń gbà, kì í ṣe òkè, kí afẹ́fẹ́ má baà rí etí kankan ṣí lójú eré. Wọ́n á tú aṣọ inú sílẹ̀ bó bá ní in, wọ́n á fi àlùmọ́gàjí gé òwú tó yọ síta, wọ́n á fi sípírítì díẹ̀ nu ojú ibẹ̀ kí ọ̀rá má kù. Irú aṣọ kan náà ni wọ́n á fi lẹ̀ ẹ́, tí yóò fi nǹkan bíi fífẹ̀ ìka méjì ju ojú ihò lọ yí ká, tí igun rẹ̀ yóò sì rí róbótó, nítorí igun ṣóńṣó ni àlẹ̀mọ́ ti máa ń kọ́kọ́ ṣí. Tápólì kò ṣeé fi rọ́pò rẹ̀: kì í nà, kì í ká bí aṣọ tó yí i ká.

Lẹ́yìn èyí ni abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja ń wọlé, tí yóò fa etí méjèèjì pọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Òwú ṣe pàtàkì ju bí ojú ti mọ̀ lọ. Òwú lásán tí wọ́n fi ń rán bùbá yóò jẹrà kí oòrùn ọdún bíi mélòó kan tó wọ̀. Poliẹ́sítà tó nípọn pẹ́ jù ú lọ. Àwọn tó ń rán ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi nílẹ̀ òkèèrè tiẹ̀ ní òwú kan tí oòrùn kò rí ṣe rárá, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ojú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ihò, nítorí náà wọ́n á fi èdìdì tó ń rọ̀ bíi rọ́bà pa ojú ìránṣọ náà. Òrùlé á wà ní pípadé, aṣọ á nà gbọọrọ, ó kéré tán fún wákàtí 24. Ibi tí ọ̀pọ̀ àtúnṣe ti ń bàjẹ́ nìyí: olówó ọkọ̀ á fẹ́ dán an wò kó tó kúrò ní Apo.

Bí yíya náà bá ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, tàbí bó bá wà ní ojú ìpàpó tí gbogbo agbára aṣọ ti ń fà, lílẹ̀ kò ràn án. Ó di kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà kan ni láti ra èyí tí wọ́n ti gé, tí wọ́n ti rán fún irú ọkọ̀ náà láti òkèèrè. Ọ̀nà kejì ni ti ọlọ́gbọ́n orí: a ó tú aṣọ àtijọ́ síwẹ́wẹ́, a ó tẹ́ ẹ lé aṣọ tuntun, a ó gé e bí wọ́n ṣe ń gé ṣòkòtò látara ṣòkòtò. Ó ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú àbùkù kan. Aṣọ àtijọ́ ti fà níbì kan, ó ti súnkì níbòmíràn, ẹni tó bá gé èyí tuntun ní ìwọ̀n rẹ̀ gẹ́lẹ́ ti gé àìsàn rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ máa ń wọn egungun irin náà, á so ó pọ̀ díẹ̀ wò lórí ọkọ̀ kó tó rán an pa.

Fèrèsé ẹ̀yìn ní ẹjọ́ tirẹ̀. Oníke ló wà lára Porsche Boxster àkọ́kọ́ àti BMW Z3, ó ń ká pọ̀ mọ́ aṣọ, ibi tó sì ti ń ká ni yóò ti sán. Porsche fi gíláàsì rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2003. Kó tó dìgbà náà, àwọn tó ní Boxster ti mọ ọgbọ́n kan: wọ́n á dá òrùlé dúró ní agbede méjì, wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ gbá àárín fèrèsé náà wọlé bí ẹni tó ń bẹ́ ilá, kó lè ká ní títẹ́jú dípò kó ká wúruwùru. MX-5 àkọ́kọ́ ní síípù níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí fèrèsé rẹ̀ pẹ́ á kọ́kọ́ tú síípù kó tó ṣíborí. Ní Àbújá, eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹni tó bá fi àkísà gbígbẹ nu eruku kúrò lójú ike, sáńpépà ló fi ń nù ún. Omi ni kó kọ́kọ́ dà sí i.

Àwọn tó ní gíláàsì náà kò bọ́. Ooru àti ọjọ́ ogbó a máa tú gọ́ọ̀mù tó so gíláàsì mọ́ aṣọ, gíláàsì á wá yọ etí bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ já. Irú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì iwájú ọkọ̀ ló yẹ ẹ́. Sílíkọ́ọ̀nù ilé ìwẹ̀ kò yẹ ẹ́, bó ti wù kó funfun tó.

Ìṣọ́ra ò gba owó púpọ̀. Ibi ìfọkọ̀ etí títì ni kí olówó ọkọ̀ ti là ojú rẹ̀, nítorí omi tó ń tú jáde lẹ́nu ọ̀pá ìfọkọ̀ lágbára tó láti tú ojú ìránṣọ bí wọ́n bá gbé e sún mọ́ ọn jù. Ọṣẹ ìyẹ̀fun le jù fún aṣọ, bílíìṣì le jù ú lọ, epo bẹntiróòlù kò sì gbọdọ̀ súnmọ́ ọn. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ọṣẹ tí kò le àti omi púpọ̀ tó. Ìgbẹ́ ẹyẹ kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀ mọ́jú, torí pé ó ń jẹ àwọ̀ aṣọ. Abẹ́ igi máńgòrò tí gbogbo ènìyàn ń dù ní ọ̀sán kún fún oje, ẹyẹ àti ẹ̀ka. Ìbòrí ọkọ̀ tàbí àtíbàbà sàn jù ú lọ. Òrùlé tó tutù kì í ṣe ohun tí a ń ká, nítorí ìbu ni yóò hù nínú ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé.

Ewé ni a kì í kà sí. Ẹ̀yìn àga ni ojú ọ̀nà tí omi òrùlé ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sábà máa ń wà, ihò tóóró ni, ewé àti eruku tó di ẹrẹ̀ sì ń dí i. Omi tí kò rí ọ̀nà lọ á yà sínú ọkọ̀. Nínú Boxster àtijọ́, abẹ́ àga ni àpótí iná tó ń pàṣẹ fún kọ́kọ́rọ́ wà. Omi tó bá dé ibẹ̀ lè mú kí ọkọ̀ máa wo ẹni tó ni ín bí àjèjì. Olówó á máa wá ihò lórí aṣọ tí kò ya rárá.

Ti olè kúrú. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan tó ní irú ọkọ̀ yìí kì í ti ilẹ̀kùn rẹ̀, wọn kì í sì í fi nǹkan sílẹ̀ nínú rẹ̀: ẹni tó fẹ́ wọlé kó wọlé, kó má sáà fi ọ̀bẹ gé òrùlé tó wọ́n ju ohun tó ń wá lọ. Ẹni tó bá dá irú ìyẹn láṣà ní Àbújá, kó rí i dájú pé ọkọ̀ náà ní ohun tí kò lè jẹ́ kó gbéra.

Nígbà tí wákàtí 24 bá pé ní Apo, wọ́n á ti gbogbo fèrèsé, ẹnì kan á wọ inú ọkọ̀ jókòó pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹlòmíràn á gbé họ́ọ̀sì. Omi á kọ́kọ́ ti ẹ̀yìn bọ̀, á sún díẹ̀díẹ̀ wá síwájú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí òjò gidi. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kì í wo ojú ibi tí wọ́n lẹ̀. Etí rọ́bà fèrèsé ló ń tan tọ́ọ̀ṣì sí, àti òpin aṣọ lẹ́yìn àga, nítorí omi lè gba ibì kan wọlé kó rìn lábẹ́ aṣọ inú kó tó kán síbòmíràn. Bí ẹ̀kán kan bá já bọ́, ẹni inú ọkọ̀ á kan òrùlé lẹ́ẹ̀mejì látinú, họ́ọ̀sì á dúró. Wọ́n á mú ṣọ́ọ̀kì.